Ẹ̀rọ tí Gbogbo Wọ́ọ̀dù Mọ Nọ́ńbà Rẹ̀

Ààwẹ̀ tán, òùngbẹ kò tán. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fura. Nínú oṣù Ràmàdánì, ta ni òùngbẹ kì í gbẹ? Mò ń jókòó ti abọ́ tánganran tí mò ń tà lọ́jà Kumasi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, oòrùn ń pa mí, eruku ń wọ̀ mí lọ́nà ọ̀fun. Tí mo bá ṣínu, mo lè dá jọ́ọ̀gì omi kan mu tán kí n tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Àwọn ará ilé wa ní àdúgbò Asawase a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ìyá Látí, ṣé kànga lẹ̀ ń gbẹ́ sínú ni?" Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, mo jẹun, mo mumi tẹ́rùn, kí a sì tó dé yídì, ẹnu mi ti gbẹ fúrúfúrú. Ìmáàmù ń ṣe wáàsí, omi nìkan ni mò ń rò. Mo sọ fún ara mi pé ibà ni. Lọ́dọ̀ wa, ibà ni gbogbo àìsàn ń jẹ́ kó tó gba orúkọ tirẹ̀.

Lẹ́yìn òùngbẹ, ìtọ̀ dé. Balùwẹ̀ wa wà lẹ́yìn ilé, gbogbo ilé ló sì ń rí ẹni tó ń lọ. Mò ń lọ, mò ń bọ̀, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú lára mi. Àwọn oníbàárà mi kan tilẹ̀ ń yìn mí pé mo ti padà di ọmọge! Àǹtí Rábí nìkan ni kò yìn mí. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá kan náà, opó tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tèmi. Kò kàwé, àfi nọ́ńbà tó mọ̀ láti inú ọjà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú bí abẹ. Lọ́jọ́ kan ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé, ó nawọ́ sílẹ̀.

"Múnírá, wò ó. Ibi tí o tọ̀ sí ni èèrà bò yìí. Ti àwa yòókù kò rí bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Haba, Àǹtí! Ṣé ìtọ̀ ènìyàn náà lẹ wá ń yẹ̀ wò báyìí?"

Ó ní, "Máa bínú o. Ìwọ ṣáà lọ sí ilé ìwòsàn."

Ẹsẹ̀ ló wá mú mi lọ. Èérún tánganran kan gún mi lẹ́sẹ̀ lọ́jà, n kò sì mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: n kò mọ̀. Kò dùn mí rárá, torí pé àìsàn náà ti ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀jẹ̀ tí Àǹtí Rábí rí lórí ẹní ló tú u fó. Egbò náà kọ̀, kò jinná, ó wú, ó ń rùn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi sì ń dúdú lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré gun òkè, èmi tí mo jókòó jẹ́jẹ́. Inú ń rú mi, mò ń bì. Àǹtí gbóòórùn ẹnu mi, ó ní ó dà bí ọ̀pẹ̀-òyìnbó tó ti pọ́n jù. Ó figbe pe ọkọ mi, Bàbá Látí, wọ́n gbé mi sínú takisí, ó di ilé ìwòsàn ìjọ kan tó wà lọ́nà Santasi. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Díẹ̀ ni mo rántí nípa ibi tí a ti dúró. Bẹ́ǹṣì onígi gígùn kan wà níbẹ̀, obìnrin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún láìdákẹ́. Mo gbé orí lé èjìká Àǹtí, mò ń gbọ́ tó ń ṣe tẹ̀sùbáà sínú. Bàbá Látí ò lè jókòó. Gbogbo ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun ló ń fi Twi bẹ̀, "Mepa wo kyɛw, mepa wo kyɛw," bí ẹni ń tọrọ owó, ọkùnrin tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni lọ́jà. Nígbà tí wọ́n gún mi níka, tí wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ náà sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí wọ́n ti bébà náà bọ inú ẹ̀rọ, dókítà wo nọ́ńbà tó yọ, ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wá. Wọ́n ń ti bẹ́ẹ̀dì mi lọ nìyẹn.

Àtọ̀gbẹ ni. Bí wọ́n ṣe là á yé mi lẹ́yìn ìgbà náà ni mo fẹ́ là á yé yín. Gbogbo oúnjẹ tí a bá jẹ, ara a máa sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ a sì máa gbé e kiri. Ṣùgbọ́n ṣúgà kò lè dá wọnú ẹran ara fúnra rẹ̀. Omi ara kan ló ń ṣílẹ̀kùn fún un, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ínsúlínì. Tí ínsúlínì kò bá sí, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀, ebi á sì máa pa ẹran ara. Ara á máa fi ìtọ̀ da ṣúgà náà nù, á sì máa fa omi tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tí òùngbẹ fi ń gbẹ ènìyàn. Tó bá pẹ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá tirẹ̀, oró kan á jáde látinú rẹ̀. Oró yẹn ló ń rùn bí èso lẹ́nu mi, òun ló ń mú mi mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá tètè rí ìtọ́jú lè kú.

Omi iyọ̀ ni wọ́n fà sí mi lápá kan. Lápá kejì, wọ́n so mí mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó tóbi tó rédíò, tí nọ́ńbà pupa ń tàn lójú rẹ̀. Pọ́ǹpù ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ínsúlínì sínú iṣan mi ní díẹ̀díẹ̀, kò ní yára jù, kò sì ní falẹ̀ jù. Tí wọ́n bá gún mi níka, tí wọ́n rí iye ṣúgà tó wà lẹ́jẹ̀ mi, wọ́n á wá tún ìwọ̀n oògùn náà ṣe. Òyìnbó kan ló fi àwọn pọ́ǹpù náà ta ilé ìwòsàn lọ́rẹ, wọ́n sì ti ìwọ̀n wọn pa kí ẹnikẹ́ni má baà dédé yí i. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i gbọ́dọ̀ tẹ nọ́ńbà àṣírí mẹ́rin. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn, wallahi. Nígbà tí ojú mi bá là, òun ni mò ń kọ́kọ́ wò bóyá iná rẹ̀ ṣì ń tàn.

Sístà Akósuà ló ń bójú tó wọ́ọ̀dù wa. Obìnrin gíga ni, kì í pariwo, bàtà rẹ̀ kì í dún. Mo ti rí ọ̀gá lọ́jà, mo ti rí ọ̀gá nílé, n kò rí irú rẹ̀ rí. Tó bá fẹ́ wo egbò ẹsẹ̀ mi, á kọ́kọ́ kí mi, á bi mí bóyá mo sùn, kó tó tú báńdéèjì tí òórùn rẹ̀ ń lé èmi tí mo ni ẹsẹ̀ sá. Kò yínmú rí.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́ọ̀dù ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Nọ́ọ̀sì kò tó, mọ̀lẹ́bí aláìsàn ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń da póò nù. Àǹtí Rábí gba iṣẹ́ yẹn kanrí. Ó ní bí ọjà ni òun ṣe rí i: tí aládùúgbò rẹ bá lọ kírun, ìwọ lo máa bá a ṣọ́ àtẹ, o mọ iye tó ń ta ọjà rẹ̀, tí oníbàárà bá dé, o kò ní sọ pé kò sí nílé. Kò pẹ́ tó fi ń bá àwọn aláìsàn ẹlòmíràn pe nọ́ọ̀sì tí omi wọn bá fẹ́ẹ́ tán. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní "Sístà Aláta," torí pé Aláta ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Nọ́ńbà àṣírí yẹn wá ńkọ́? Àṣírí wo! Nọ́ọ̀sì kan á dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì, á kígbe bi ẹnì kejì rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì tuntun kan dúró ti pọ́ǹpù mi, ó gbàgbé, ó ń họ orí. Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, Àǹtí Rábí ti pè é jáde láti orí ẹní rẹ̀, ní Twi tó dán mọ́rán: "Baako, mmienu, mmiɛnsa, ɛnan!" Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Kò sí ẹni tó rò pé ewu wà níbẹ̀, àbí ta ló ń fi nǹkan pamọ́ fún ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́?

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkọ̀ èrò kan, trotro, dojú dé lójú títì. Wọ́n ń kó àwọn tó fara pa wọlé, ariwo ta, gbogbo nọ́ọ̀sì sáré lọ, ó ku ọ̀kan ṣoṣo tó ń gbẹ̀bí obìnrin kan ní ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù. Mo ká apá mi láti họ imú, okùn oògùn náà wọ́, pọ́ǹpù bá figbe ta: pí, pí, pí. Àǹtí pe nọ́ọ̀sì, kò sí ẹni tó gbọ́. Ó tún pè. Ẹ̀rọ ń ké. Ó ti rí wọn títí tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà, tí wọ́n ń tẹ ọfà kékeré tó dojú kọ òkè, tí ẹ̀rọ ń dákẹ́. Ó dìde, ó ní, "Bisimillahi," ó tẹ ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ó sì di ọfà náà mú. Èmi náà ti na apá mi padà. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó padà sórí ẹní rẹ̀.

Òógùn ló kọ́kọ́ dé, òógùn tútù tó rin aṣọ mi gbindingbindin. Àyà mi ń lù kìkì. Ebi kan pa mí tí n kò mọ irú rẹ̀ rí, bí ẹni pé n kò jẹun láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo fẹ́ pe Àǹtí, mo rí i níwájú mi ní méjì, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ sọnù lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé ẹni mi ni obìnrin yìí, n kò mọ ẹni tó jẹ́. Lẹ́yìn náà, n kò mọ nǹkan kan mọ́.

Àìtó ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ àti ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tọ́jú wọn, ẹ má fi ojú kékeré wò ó. Ṣúgà tó pọ̀ jù máa ń fún ènìyàn láyè díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó lọ sílẹ̀ jù kì í dúró deni, torí ṣúgà ni ọpọlọ ń jẹ. Òógùn, ìgbọ̀nrìrì, ebi òjijì, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara: ẹ fi nǹkan dídùn sí aláìsàn lẹ́nu tó bá ṣì lè gbé e mì. Tí kò bá lè gbé e mì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Igbe Àǹtí Rábí ló mú Sístà Akósuà sáré dé. Nọ́ọ̀sì méjì ń pariwo pé bóyá wárápá ni, bóyá ibà ti gùn mí lórí. Wọ́n lè wá a títí ẹ̀mí mi á fi bọ́. Àǹtí kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì. "Sístà, me na memiaa so," ó ní. Ó ní òun lòun tẹ̀ ẹ́. Ó nawọ́ sí ọfà náà. Ẹ rò ó wò: ilẹ̀ àjòjì, ọlọ́pàá wà lẹ́nu géètì, àbúrò rẹ̀ ń kú lọ, kò sì sí ẹni tó rí i nígbà tó tẹ̀ ẹ́. Ó lè dákẹ́. Kò dákẹ́. Sístà wo ojú ẹ̀rọ, ó rí i pé ọfà náà ti gbé ìwọ̀n oògùn sókè púpọ̀, ó pa á, ó fa omi ṣúgà sínú abẹ́rẹ́, ó ń tì í sí iṣan mi bó ṣe ń sọ fún àwọn yòókù kí wọ́n gún mi níka. Kò bá Àǹtí wí. Ìgbà tí ojú mi là, tí mo pe Àǹtí lórúkọ, ni Sístà tó jókòó.

Nọ́ọ̀sì kan ní kí wọ́n lé "obìnrin yìí" jáde. Bàbá Látí dé, wọ́n sọ fún un. "Àǹtí," ó ní, "ẹ má fọwọ́ kan ìyàwó mi mọ́ láyé yín." Láti ọjọ́ náà, tí Bàbá Látí bá wọlé, Àǹtí á jáde, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀.

Sístà Akósuà wá bá wa nídìí bẹ́ẹ̀dì, èmi àti ọkọ mi. Mo rò pé ó fẹ́ wá ṣe àwáwí ni. Ó ní, "Maame, wọ́ọ̀dù tèmi ló ṣe yín ní jàǹbá. A ti ilẹ̀kùn, a wá ń pariwo ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá." Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ni o! Ó tún yíjú sí ọkọ mi pé, "Bàbá, tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín kò bá sọ òtítọ́, òkú lẹ bá gbé lọ sílé." Bàbá Látí wolẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnjiníà ilé ìwòsàn dé, Mista Kwaku, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń fẹnu kọ orin bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó tú gbogbo pọ́ǹpù yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé nọ́ńbà kan náà ni wọ́n fi sínú gbogbo wọn láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe wọ́n, pé wọ́n sọ pé kí ẹni tó bá rà á yí i padà, àmọ́ kò sí ẹni tó yí i. Ó ní ẹni tó bá mọ ti ọ̀kan ti mọ ti gbogbo wọn, níbikíbi láyé. Ó ní nílùú òyìnbó wọ́n ti ń fi wáyà so irú ẹ̀rọ báyìí pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n á jókòó sí yàrá kan, wọ́n á máa darí oògùn ẹni tó wà ní yàrá mìíràn. "Lónìí, ọwọ́ tí a rí ló tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Lọ́la, ó lè jẹ́ ọwọ́ tí a kò rí." Mo bi í pé kí la máa wá ṣe? Ó ní ohun tí òun ń ṣe lọ́wọ́ yìí náà ni, ká má sì jẹ́ kó sú wa.

Wọ́n wá yí nọ́ńbà padà, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n, wọn kò sì pè é sókè mọ́. Nọ́ọ̀sì tó bá ń tẹ̀ ẹ́ á fara bo ojú ẹ̀rọ. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé Sístà kò lé àwọn mọ̀lẹ́bí. Ó pè wọ́n jọ, ó ní, "A nílò ojú yín àti etí yín, ọwọ́ yín nìkan ni kí ẹ mú kúrò lára ẹ̀rọ." Ó wá pín agogo kékeré fún wọn, irú èyí tí wọ́n ń lù nílé ìwé. Àǹtí Rábí gba tirẹ̀. Kai! Eṣinṣin kò lè bà lé pọ́ǹpù mi kí agogo má dún.

Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi tó ti kú. Mo sunkún nítorí rẹ̀, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹran tuntun pupa, ó ń jinná, wọ́n tú mi kúrò lára ẹ̀rọ, wọ́n ní kí n máa múra ilé. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì ni màá máa gbà láràárọ̀ títí ayé. Ojú mi sì ń ṣe bàìbàì, n kò lè rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó wà lára abẹ́rẹ́. Ìlà díẹ̀ tó bá lé, ibi tí mo ti dé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni màá tún dé. Ta ni yóò máa gún mi?

Sístà na abẹ́rẹ́ òfìfo sí Àǹtí Rábí. Àǹtí fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Èmi kọ́," ó ní, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọwọ́ mi yìí? Láéláé." Bàbá Látí ní òun náà rò bẹ́ẹ̀, òun á kọ́ ọ. Ó gba abẹ́rẹ́ náà, ó sì fi gún àtàńpàkò ara rẹ̀. Sístà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwa náà, ẹnì kan kì í dá fún ènìyàn ní oògùn yìí. Ẹnì kan á fà á, ẹlòmíràn á wò ó. Àǹtí ni yóò máa fà á, tí yóò máa gún un. Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ ó máa wo ìlà náà. Tí ẹ̀yin méjèèjì kò bá fẹnu kò, ẹ má gún Maame." Ó fi abẹ́rẹ́ náà lé Àǹtí lọ́wọ́, ó sì di ọwọ́ náà pọ̀ fún un.

Láàárọ̀ àkọ́kọ́ nílé, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo jókòó sórí ẹní. Àǹtí fa oògùn náà, ó pẹ́ lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ó na abẹ́rẹ́ náà sí Bàbá Látí láìwo ojú rẹ̀. Bàbá Látí gbà á, ó gbé e sójú fèrèsé, ó wò ó, ó tún un wò. Mò ń gbọ́ èémí àwọn méjèèjì. N kò lè rí ìlà náà, ojú wọn nìkan ni mò ń wò. Ó dá a padà fún un.

"Ó pé, Àǹtí," ó ní. "Ẹ gún un."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọjọ́ náà nìyẹn. Àǹtí fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú, ó sì gún mi níkùn. Kò dùn mí rárá.

Kí n tó ṣàìsàn, n kò dúpẹ́ rí pé ara mi ń ka ṣúgà fúnra rẹ̀, tí n kò mọ̀, bí mo ti ń sùn, bí mo ti ń ná ọjà. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì dákẹ́ ṣe é fún mi láti ìgbà èwe títí ó fi rẹ̀ ẹ́. N kò bínú sí i. Ìka mi tó lọ, mo ti dágbére fún un. Àwọn méjì ló ń bá ara mi ṣe iṣẹ́ náà báyìí láràárọ̀, títí di òní, wọ́n á kọ́kọ́ jiyàn díẹ̀ lórí ìlà, wọ́n á sì fẹnu kò. Èmi á gbé aṣọ sókè, màá dúró dè wọ́n. Alhamdulillahi.